Bí ẹ bá pààrọ̀ rédíò ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà ẹ̀yìn kú

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la gbé wá lónìí. Ẹ má sọ pé, "Èmi tí mi ò ní mọ́tò, kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ẹni tí kò ní mọ́tò gan-an ni mọ́tò máa ń fi ẹ̀yìn gbá. Ẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́jọ́ ọjà: takisí ti kún, awakọ̀ fẹ́ jáde, ó ki í sí marche arrière. Àwọn ìyá ti tẹ́ ata àti gàrí sí ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Ọmọ tí orí rẹ̀ kò tíì ga dé ibi gíláàsì ẹ̀yìn, awakọ̀ ò lè rí i nínú dígí rárá.

Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe ń fi kámẹ́rà sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, bàbá kan ń fi ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn nílé, ó gun ọmọ ara rẹ̀, ọmọ ọdún méjì. Àwọn òbí ọmọ náà àti àwọn mìíràn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí jà fún un títí wọ́n fi ṣe òfin kan ní 2008. Láti oṣù karùn-ún 2018, ó di dandan níbẹ̀ kí gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun ní kámẹ́rà ẹ̀yìn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti lò ó fún ìgbà díẹ̀, ló ń gba èbúté Kùtọnu wọlé sí wa.

Kí la máa ń kọ́kọ́ ṣe tí a bá ra àlòkù yìí? Rédíò ni a máa ń yọ! Mi ò bá yín wí o. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ Amẹ́ríkà, orí nọ́ńbà bíi 98.1 tàbí 98.3 nìkan ló ń dúró. Kò mọ 98.2. Bí ilé iṣẹ́ rédíò tí ẹ fẹ́ràn bá wà lórí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, kò ní í gbé e dáadáa. Àwọn ọmọ wa sì fẹ́ rédíò olójú ńlá. Wọ́n yọ ti àtijọ́, wọ́n fi tuntun sí i, orin ń dún. Àfi bí ẹ bá ki ọkọ̀ sí ẹ̀yìn tí ojú rédíò náà dúdú kirikiri.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí fara gbá a. Toyota àbúrò mi ni. Ẹni tó bá wa so rédíò náà ní kámẹ́rà àtijọ́ ò lè bá rédíò tuntun ṣe, ṣùgbọ́n òun máa gbìyànjú. Ó fa iná láti ìdí gílóòbù ẹ̀yìn, ó so ó mọ́ kámẹ́rà. Àwòrán yọ fìrí, ó sì parẹ́ títí di òní. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín." A gbà á gbọ́, a san owó, a ra kámẹ́rà tuntun, wọ́n lu ihò sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí wọ́n tó rí i so. Ìgbà tó yá ni eléktrísíẹ̀n mìíràn wá ṣàlàyé fún mi pé kámẹ́rà yẹn kò ṣàìsàn kankan. Àwa la pa á.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Iná bátìrì ọkọ̀ jẹ́ fólìtì 12. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí Toyota fi sí ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́ wọn, fólìtì 6 péré ni wọ́n ń jẹ. Kì í ṣe bátìrì ló ń bọ́ wọn, rédíò àtijọ́ ni. Rédíò yẹn ló ń gba 12, tó ń bù ú sí 6, tó wá ń fi ránṣẹ́ sẹ́yìn. Bí ẹ ti yọ rédíò, ẹ ti lé ìyá ọmọ lọ. Ebi ló ń pa kámẹ́rà, kò tíì kú. Ẹni tó bá wá fún un ní 12 tààrà, àfi bí ẹni tó ki òkèlè iyán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu. Ọkọ̀ mìíràn wà tí kámẹ́rà rẹ̀ ń jẹ 12, nítorí náà ẹ má fi ti Toyota wọn gbogbo ọkọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó yọ rédíò. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin. Nígbà tí rédíò àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi òkúta ti táyà, kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́, kí wọ́n ṣí iná ọkọ̀ láìṣáná sí i, kí wọ́n ki í sí R. Kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ ìwọn iná wo fiche tó wà lẹ́yìn rédíò, níbi tí àwọn wáyà kámẹ́rà ti wọlé. Ní ọ̀pọ̀ Toyota, mẹ́rin ni wọ́n: ọ̀kan gbé iná, ọ̀kan jẹ́ masse, méjì gbé àwòrán. Kí wọ́n kọ iye fólìtì àti àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣe, torí àwọ̀ ọkọ̀ yìí kì í ṣe àwọ̀ tọ̀hún.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tú orí masse bátìrì, kí wọ́n yọ rédíò. Àwọn wáyà kámẹ́rà ti wà nílẹ̀ láti ẹ̀yìn títí dé iwájú, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń lu ihò tàbí ń tú òrùlé ọkọ̀. Àwọn méjì tó gbé àwòrán, wọ́n á so wọ́n mọ́ orí wáyà yíyí tó ń wọ ihò tí wọ́n kọ CAMERA sí lẹ́yìn rédíò tuntun: èyí tó gbé àwòrán gan-an lọ sí irin àárín, ìkejì sí irin tó yí i ká. Fún iná, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń sọ 12 di 6. Kí wọ́n fi fusible kékeré síwájú rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ 6, ó kù kí wọ́n so kámẹ́rà mọ́ ọn.

Wáyà kan ṣì kù tí wọ́n máa ń gbàgbé. Rédíò tuntun kò mọ̀ pé ẹ ti ki ọkọ̀ sí ẹ̀yìn àfi bí ẹnì kan bá sọ fún un. Wáyà tí wọ́n kọ BACK tàbí REVERSE sí lára ló ń sọ fún un. Wáyà tó ń tan gílóòbù funfun ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá wà ní R nìkan ló ń ní iná, òun ni wọ́n á so ó mọ́.

Bí ojú rédíò kò bá yí rárá tí ẹ bá ki í sí R, wáyà BACK yẹn lẹ máa fura sí. Bó bá yí ṣùgbọ́n tó dúdú, ẹ wo iná kámẹ́rà. Bí àwòrán bá ya tàbí tó ń yí gbirigbiri, ẹ wọ inú ètò rédíò náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yan irú kámẹ́rà: ti àtijọ́ ni CVBS, kì í ṣe AHD. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ NTSC. Àwọn ọkọ̀ titun kan wà ṣá tí àwòrán wọn ń gba ọ̀nà díjítà. Ìyẹn ò ní í bá irú rédíò yìí sọ̀rọ̀, ẹ má fi owó yín ṣòfò lé e.

Kí ẹ tó sanwó, kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ní apá ọ̀tún. Ní ọ̀tún ojú rédíò ló gbọ́dọ̀ ti hàn. Bó bá hàn ní òsì, rédíò ti yí àwòrán padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe lójú yín, torí awakọ̀ tó rò pé òun ń yà fún ọmọ lè máa yà lọ bá a ni. Àwọn ìlà aláwọ̀ tó ń júwe bí nǹkan ṣe jìnnà tó náà ńkọ́? Ti rédíò tuntun kò mọ ọkọ̀ yín. Ẹ gbé garawa kan sẹ́yìn ní mítà kan, kí ẹ wo ibi tó bọ́ sí lórí ìlà.

Ẹ máa nu ojú kámẹ́rà o. Erùpẹ̀ pupa wa yìí, ọ̀sẹ̀ kan ti tó kó bò ó, ẹrẹ̀ ìgbà òjò kò sì fi bẹ́ẹ̀ dúró pẹ́ kó tó ṣe é. Bí ó sì ti wù kí àwòrán náà mọ́ tó, kò rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Lójú ọjà, kí apurantí sọ̀ kalẹ̀, kó dúró lẹ́yìn, kó máa pa àtẹ́wọ́ fún awakọ̀ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan bi wá pé bí wọ́n bá ti jó kámẹ́rà náà ńkọ́? Ó di ríra nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra, ẹ ní kí wọ́n fi iná 6 dán ti àtijọ́ wò lójú yín ná.