Bí A Ti Ń Rán Agbádá Àtijọ́ Nílé

Ọ̀rọ̀ agbádá ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe èyí tí télọ̀ ń fi ẹ̀rọ rán fún wa ní Yábà láàárín ọjọ́ méjì, bí kò ṣe irú èyí tí àwọn baba ńlá wa ń wọ̀ nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà ní ipò rẹ̀. Ènìyàn lè rán an nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Sùúrùlérè pẹ̀lú abẹ́rẹ́, òwú, àlùmọ́gàjí àti sùúrù. Orúkọ àdúgbò náà kúkú ti sọ èyí tó kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ba tèmi jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ ṣe eré nípa Baṣọ̀run Gáà, ẹni tí Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun ní 1774. Bàbá mi tó ti dolóògbé fi ẹtù kan sílẹ̀ fún mi, mo sì ní òun ni Gáà yóò wọ̀. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo fi ẹfun sàmì sí i bí ẹni pé àǹkárá ni, mo gé apá, mo gé abẹ́ abíyá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ibi tí mo gé ti ń tú ní fọ́nrán fọ́nrán. Ìyá mi wò ó, ó wò mí, ó ní, “Ta ní kọ́ ọ ní gígé òfì?”

Òótọ́ ni ó sọ. Òfì ọkùnrin sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 4. Bí ahunṣọ ti ń ju ọ̀kọ̀ lọ tí ó ń jù ú bọ̀, òwú náà ń yípo ní etí méjèèjì, ìdí nìyí tí etí wọ̀nyí kì í fi í tú. Ibi tí a bá ti gé e ní ìbú ni ó ń tú. Nítorí náà, àwọn àgbà kì í gé agbádá jáde lára aṣọ. Ṣe ni wọ́n ń to aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ títí yóò fi di agbádá.

Kíka ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ na apá ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láti orí ìka ọ̀tún dé orí ìka òsì. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 72, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ 18 ni yóò gbà. Ẹ wá wọ̀n ọ́n láti èjìká dé agbedeméjì ojúgun. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 45, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 90, nítorí iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ fi 4 kún un fún ìṣẹ́tí. Ọ̀nà 18 ní íǹṣì 94 jẹ́ ọ̀pá 47 gééré. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣe ìṣirò náà wò kí ẹ tó gbà mí gbọ́.

Òfì wọ́n. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè fi aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú dán an wò: kí ó ya á ní íǹṣì 5, kí ó ṣẹ́ ìdajì íǹṣì ní etí kọ̀ọ̀kan, yóò ku 4.

Nígbà tí ẹ bá ń rán an, ẹ má ṣe fi etí kan lé èkejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu kanra, kí abẹ́rẹ́ máa ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì ní kékeré kékeré. Láti àárín, níbi tí èjìká yóò wà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ rán an lọ sí iwájú, kí ẹ tún padà rán an lọ sí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yóò rí i pé ẹsẹ̀ aṣọ kò dọ́gba mọ́. Ẹ má fa òwú le jù, kí aṣọ má baà kájọ.

Ọrùn ni mo fẹ́ràn jù. Láàárín aṣọ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ẹ fi íǹṣì 10 sílẹ̀ láìrán ní iwájú, láti èjìká wá sí àyà. Ojú ọrùn ti là nìyẹn, àlùmọ́gàjí kò tíì dé ibẹ̀. Ìyíká kékeré tí orí yóò gbà wọlé nìkan ni a ó gé. Ẹ fi abẹ́rẹ́ yí ojú ìlà náà ká lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì fi aṣọ gbá etí rẹ̀. Àpò ńlá yóò wà ní àyà òsì. Ara rẹ̀ àti ọrùn ni iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ máa ń wà, èyí sì lè gbà ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ ṣẹ́tí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì so iwájú mọ́ ẹ̀yìn díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó parí.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, dárúkọ súlíyà, agbádá, gírìkè àti dàńdógó. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù ńlá ti pẹ́ ju Gáà pàápàá lọ ní agbègbè wa: méjì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Ulm ní Jámánì, tí a kó láti Àládà, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ṣáájú 1659.

Òfì tuntun ni Gáà wọ̀ lọ́jọ́ eré wa. Ní ti ẹtù bàbá mi, mo tú u palẹ̀, mo sì ṣa èyí tí àlùmọ́gàjí kò kàn. Ó tó fìlà méjì.