Ìrànwọ́ Tó Kọjá Fọ́tò: Ohun Tí Ọmọbìnrin Inú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ń Retí Lọ́wọ́ Àwọn Ilé-Iṣẹ́

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kẹrin ọdọọdún ni àjọ ITU, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, máa ń ṣe àyájọ́ àwọn ọmọbìnrin nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bí ọjọ́ náà bá kò, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá a ṣí ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Wọn a mú wọn yí ọ́fíìsì ká, wọn a fún wọn ní ẹ̀wù àti bírò tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára wọn, wọn a sì bá wọn ya fọ́tò. Ohun tó dára ni, nítorí ohun tí ojú bá rí ni ọkàn ń fà sí. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ ọmọ di ẹnjinía. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti gbé àwọn ọmọ náà padà sílé, ìbéèrè mẹ́ta ló ṣẹ́ kù: Kí ni ọmọ náà yóò fi kọ́ṣẹ́? Ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Bí ó bá sì bímọ, ṣé àga rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó bá padà?

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí obìnrin

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ ọkùnrin ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ENIAC, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1946, obìnrin mẹ́fà ló wà nídìí ètò tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí aráyé tó mọ orúkọ wọn.

Nílé wa níbí, ẹ jẹ́ ká wo Fúnkẹ́ Opeke. Yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjinía iná mànàmáná kó tó tẹ̀ síwájú lọ sí Yunifásítì Columbia ní New York. Lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó padà wálé, ó sì dá ilé-iṣẹ́ MainOne sílẹ̀ ní ọdún 2008. Ní ọdún 2010, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun tí ilé-iṣẹ́ náà fà láti ilẹ̀ Potogí gúnlẹ̀ sí Èkó. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Nígbà tó di ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne ní 320 mílíọ̀nù dọ́là. Ọpọlọ kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo; ààyè tí a ń fi sílẹ̀ fún wọn ni kò dọ́gba.

Ohun tó ń dí ọ̀nà

Láti inú ilé ni àìdọ́gba náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá ń tú rédíò tó bàjẹ́ láti wo inú rẹ̀, ilé ìdáná ni a ń pe ọmọbìnrin sí. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo bá wà nínú ilé, kì í sábà jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ kàn. Bí ó bá tilẹ̀ rí ẹ̀rọ lò, owó dátà ńkọ́? Iná mànàmáná ńkọ́?

Ìdènà mìíràn ń dúró dè é ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Láti ọdún 1973 ni àjọ ITF ti dá ètò SIWES sílẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjinía àti sáyẹ́ǹsì lè lo oṣù díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kan iṣẹ́. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń wá ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà á. Ẹni tí kò mọ ẹnìkan níbẹ̀ lè rìn títí kí bàtà rẹ̀ jẹ. Bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, wọ́n lè gbà á tán kí wọ́n ní kó jókòó síbi tí a ti ń gbàlejò, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ń gun òpó, tí wọ́n sì ń so wáyà.

Àwọn tó ti fi ọ̀nà hàn

Ní ọdún 2008, Oreolúwa Lesi dá àjọ W.TEC sílẹ̀ ní Èkó, tó ń kó àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama jọ sí ibùdó láti kọ́ wọn ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Abísóyè Àjàyí-Akínfọlárìn náà, nípasẹ̀ àjọ Pearls Africa, ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti àdúgbò tálákà bíi Mákòókó bí a ṣe ń kọ kóòdù. Ní ọdún 2018, CNN kà á mọ́ àwọn akọni mẹ́wàá wọn. Lára iṣẹ́ tó jáde láti ọwọ́ àwọn ọmọ náà ni ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí àwọn apẹja Mákòókó lè fi ta ẹja wọn. Ọmọ apẹja mọ ibi tí bàtà ti ń ta apẹja lẹ́sẹ̀. Kò sí àlejò tó lè mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Ní ọdún 2018 kan náà, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti ilé ẹ̀kọ́ Regina Pacis ní Onitsha gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Technovation ní Kalifóníà, pẹ̀lú áàpù tí wọ́n ṣe láti fi dá ayédèrú oògùn mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Àwọn àjọ wọ̀nyí mọ àwọn ọmọ náà àti àwọn òbí wọn. Ilé-iṣẹ́ ló ní owó, ẹ̀rọ àti iṣẹ́. Bí àwọn méjèèjì kò bá pàdé, ọmọ yóò kẹ́kọ̀ọ́ tán, yóò sì padà sílé jókòó.

Ohun mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe

Àkọ́kọ́ ni irinṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ ti lò fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n tún ṣe dáadáa, tí wọ́n sì fi owó dátà oṣù díẹ̀ tì í lẹ́yìn, wúlò ju ọgọ́rùn-ún ẹ̀wù lọ.

Èkejì ni ààyè ìkọ́ṣẹ́. Kí ilé-iṣẹ́ ya àyè SIWES mélòó kan sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, kí wọ́n san owó ọkọ̀ wọn, kí wọ́n sì rí i dájú pé iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń kọ́.

Ẹ̀kẹta ni olùtọ́nisọ́nà. Ọmọbìnrin tó bá ń rí obìnrin ẹnjinía bá sọ̀rọ̀ lóṣooṣù yóò mọ bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè ìgbanisíṣẹ́, àti iye owó oṣù tó yẹ kó béèrè.

Ẹ̀kẹrin, tí a sábà máa ń gbàgbé, ni títọ́jú obìnrin tó ti wọ iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó tí wọn yóò san fún un nígbà náà kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Òfin tún fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti tọ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá padà. Èyí ni ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Vodafone kéde pé ní gbogbo orílẹ̀-èdè tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́, ìyá ọmọ yóò gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó kíkún. Nígbà tó bá padà, yóò lè máa ṣiṣẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí owó rẹ̀ kò sì ní dín. Ilé-iṣẹ́ tó ná owó láti kọ́ ọmọbìnrin, tó wá jẹ́ kó lọ nígbà tó bímọ, ń rọ omi sínú agbọ̀n ni.

Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń ronú láti forúkọ sílẹ̀ fún irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ má tijú láti béèrè ìbéèrè. Oṣù mélòó ni? Ṣé wọn yóò pèsè ẹ̀rọ? Nínú àwọn tó ṣe é ṣáájú, àwọn mélòó ló ti ríṣẹ́? Ẹ wá wọn rí, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yín náà jókòó ti kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan láìsí ẹni tí yóò rán an níṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ti wà ní ilé-iṣẹ́, ẹ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò àyájọ́ tó ń bọ̀. Owó ẹ̀wù àti bírò ọdún kan tó láti gba akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan síṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.