Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Fọ̀nà Han Akẹ́kọ̀ọ́

Ta ni à ń pè ní ogunléndé? Ẹni tí ogun lé kúrò ní ìlú rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní àgọ́ Kákúmà ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kàwé, wọ́n ń yege, ṣùgbọ́n owó yunifásítì kò sí.

Ní ọdún 1978, ẹgbẹ́ WUSC ní ilẹ̀ Kánádà bẹ̀rẹ̀ ètò kan. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dá owó díẹ̀díẹ̀ jọ, wọn a sì fi gba ogunléndé sí ilé-ìwé wọn.

Owó nìkan kò tó o! Ẹni tí kò rí yìnyín rí, ṣé ó mọ ẹ̀wù òtútù rà? Kò sí ìyá, kò sí bàbá nítòsí. Nítorí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà a lọ pàdé àlejò wọn ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọn a mú un lọ sí báńkì, wọn a bá a yan ẹ̀kọ́.

Lójú tiwa, ìbẹ̀rù ló le jù. Ojú lè máa ti àlejò láti bi olùkọ́ ní ìbéèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ a bá a lọ lẹ́ẹ̀kínní. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, a ní, “Ó yá, dá lọ.”

Nígbà míì, ogunléndé tó dé lọ́dún tó kọjá ló ń lọ pàdé ti ọdún yìí.