Bí Ọlọ́kadà Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì Ṣe Ń Mọ Ilẹ̀ Tó Ń Yọ̀

Ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìjerò àti Ìkòrò dé Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀kadà ló ń gbé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ sóko, òun náà ló sì ń bá wọn kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ lè ti orí ọ̀dà bọ́ sórí ilẹ̀ pupa, kó tún gba orí òkúta kó tó gun òkè. Nítorí náà, iṣẹ́ ọlọ́kadà kò mọ sórí jíà wíwọ̀ nìkan; ohun tó ṣe kókó jù ni pé kó ti mọ bí ilẹ̀ iwájú yóò ṣe di táyà mú kí táyà tó débẹ̀.

Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti kan ilẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, orí ìwọ̀nba yìí sì ni eré sísá, kọ́nà yíyà àti bíréèkì títẹ̀ gbogbo dúró lé. Bí awakọ̀ bá ti lo púpọ̀ nínú agbára ìdìmú yìí sórí kọ́nà, díẹ̀ ló kù fún bíréèkì, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ń dín eré kù kó tó wọ kọ́nà. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ẹni tó ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan lè dúró láàárín nǹkan bíi mítà 13 lẹ́yìn tí bíréèkì bá ti mú. Bí ọ̀dà bá tutù, ó lè tó mítà 20, orí iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ sì lè gbà ju mítà 30 lọ.

Ojú ló kọ́kọ́ ń yẹ ilẹ̀ wò. Ọ̀dà gbígbẹ kì í dán, nítorí náà ibi tó bá ń dán lára rẹ̀ ní omi, epo tàbí ọ̀dà tí oòrùn ti yọ́, bí àwọ̀ òṣùmàrè bá sì hàn lójú omi, díísù tàbí ọ́ìlì ti jò síbẹ̀. Àárín ìlà tí mọ́tò ń gbà, níbi tí táyà wọn kì í tẹ̀, ni epo máa ń kán sí jù, nítorí náà ipa táyà mọ́tò ni ọlọ́kadà ń tọ̀. Àkọ́rọ̀ òjò lewu púpọ̀, torí ó ń po eruku àti epo tí ẹ̀ẹ̀rùn ti kó jọ mọ́ omi, kò sì tíì pọ̀ tó láti fọ̀ wọ́n lọ.

Ilẹ̀ pupa ní ìwà tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, abẹ́ rẹ̀ le, àmọ́ yangí wẹ́wẹ́, ìyẹn òkúta pupa kéékèèké, máa ń yí lábẹ́ táyà. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ inú rẹ̀ á máa yọ̀, á sì dí eyín táyà, débi pé táyà tuntun pàápàá á máa ṣe bí èyí tó ti pá. Bí ipa mọ́tò bá ti di ẹrẹ̀, awakọ̀ á wá ibi tí òkúta ti rì mọ́lẹ̀ ṣinṣin gbà, kò sì ní já bíréèkì ọwọ́, èyí tó ń mú táyà iwájú, mọ́lẹ̀ lójijì. Bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀, ó ṣì ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n bí ti iwájú bá yọ̀, ìṣubú ló sábà máa ń já sí.

Lójú ọ̀nà Iléṣà sí Adó-Èkìtì, níbi tí òkè ti yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká, ẹrù tí ọ̀kadà gbé tún ń dá kún ìṣòro. Bí ọ̀kadà bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, ìdarí á sì ṣòro. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, ìwúwo á bọ́ síwájú, táyà ẹ̀yìn á sì tètè yọ̀ bí a bá tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ jù. Nítorí bẹ́ẹ̀, jíà kékeré ni ọlọ́gbọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá a dín eré kù. Kì í lo fíríì, níbi tí ẹ́ńjìnnì kò ti di táyà mú mọ́.

Gbogbo ìmọ̀ yìí kò lè gba táyà tó ti pá là. Kí ẹni tó ni ọ̀kadà pààrọ̀ táyà lásìkò, kí èrò má sì máa lé ọlọ́kadà ní eré nígbà òjò, torí ẹni tó wà níwájú ló ń rí ohun tí ilẹ̀ ń ṣe.