Ohun Tí Ìlù Ń Wí Nínú Ọkọ̀ Yín

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Abẹ́òkúta ni yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ọkọ̀ dúró ní Kútọ̀, wọ́n so fóònù mọ́ rédíò rẹ̀, orin sì ń dún dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí ojú títì Ṣágámù, tí táyà ń hó lórí ọ̀dà, tí afẹ́fẹ́ ń gbá fèrèsé, ìlù á pòórá, ohùn akọrin nìkan ni yóò kù. Awakọ̀ á yí ohùn sókè. Sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ìlù tí awọ rẹ̀ ti ya. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti wà níwájú oníṣẹ́, ó ń bèèrè wúfà ńlá tí wọn yóò gbé sí búùtù.

Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Ariwo yàtọ̀ sí ohùn. Ẹni tó ra ariwo lè má rí ohùn gbà. Bó bá sì jẹ́ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló so wáyà rẹ̀, ó lè jẹ́ iná ni yóò fi owó ara rẹ̀ rà. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò àpàlà

Fún ọmọ Ẹ̀gbá, kò sí ìdánwò sípíkà tó dára ju orin Àyìnlá Ọmọwúrà lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, àpàlà ló kọ títí tí ìjà ilé ọtí fi gba ẹ̀mí rẹ̀ nílùú náà ní ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, ọdún 1980. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò bá ìgbà rẹ̀ pàdé mọ̀ ọ́n lónìí nípasẹ̀ fíìmù *Ayinla* tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sí àwo rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ènìyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: Àyìnlá fúnra rẹ̀, àti Adéwọlé onílù rẹ̀. Bí ọ̀gá bá sọ ọ̀rọ̀ tán, ìlù á gbè é. Nígbà mìíràn, ìlù ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìlù wa lè sọ̀rọ̀ nítorí pé ohùn ló ń gbé èdè wa. Ohùn ìsàlẹ̀ wà, ohùn àárín wà, ohùn òkè wà. Ẹ wo ọkọ tí í ṣe baálé, ọkọ̀ tí à ń wà, àti ọkọ́ tí a fi ń ro oko: ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìlù kò ní ẹnu tí yóò fi pe kọ́nsónáǹtì, ohùn nìkan ló ní. Bí sípíkà bá wá gbé ohùn ìsàlẹ̀ mì, kì í ṣe pé orin náà kò dùn tó nìkan ni. Ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ ti bàjẹ́. Ẹ ń gbọ́ ìró, ẹ kò gbọ́ ohun tó ń wí.

Ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà sọnù

Sípíkà jọ ìlù púpọ̀. Ó ní awọ tó ń gbọ̀n, òòfà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mú kí awọ náà máa lọ síwájú, kó sì máa bọ̀ sẹ́yìn. Bí awọ bá ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fa afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà kan náà. Bí àlàfo bá wà tí afẹ́fẹ́ iwájú lè gbà pàdé ti ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì á pa ara wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ sì ni èyí ń kọ́kọ́ pa.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kún fún irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Pánù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ní ihò níbi tí wáyà àti ẹ̀rọ gíláàsì gbà kọjá, pánù náà fúnra rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹ tún rántí pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ń ṣọ́ owó, ó sì ń ṣọ́ ìwọ̀n ọkọ̀, nítorí náà, awọ bébà àti òòfà kékeré ni ó sábà máa ń fi sínú ọkọ̀ tí kì í ṣe olówó gọbọi. Bí ọkọ̀ bá ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílẹ̀ òkèèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, oòrùn àti ọ̀rinrin ti lè mú kí etí awọ náà gbó, kó sì ya.

Ariwo ojú ọ̀nà náà tún wà níbẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ló pọ̀ jù nínú híhó táyà, ohun tó sì fi ń bo ìlù mọ́lẹ̀ nìyẹn bí ọkọ̀ bá ń sáré. Ìjà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1930, nígbà tí Paul Galvin àti arákùnrin rẹ̀ ní Chicago gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Motorola jáde, ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń wá bí ohùn yóò ṣe borí ariwo ẹ́ńjìnnì àti ti ojú ọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ níbi tó dákẹ́. Ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dunjú sí i. Lórí rédíò, ẹ lè darí ohùn sí ọwọ́ ọ̀tún nìkan, sí ọwọ́ òsì nìkan, sí iwájú nìkan, sí ẹ̀yìn nìkan. Ẹ gbọ́ sípíkà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan péré ló ti ya tó ń ba ti gbogbo wọn jẹ́.

Ẹ tún fetí sí èyí: bí ohùn ìsàlẹ̀ bá pọ̀ nígbà tí ẹ gbọ́ ọwọ́ kan ṣoṣo, tó sì dínkù nígbà tí ọ̀tún àti òsì jọ ń dún, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti so wáyà sípíkà kan sódì. Bí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì á máa fà á sẹ́yìn. Kí wọ́n yí wáyà méjì padà ni oògùn rẹ̀, kò sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá tú ìbòrí ilẹ̀kùn.

Ẹ yẹ orin náà fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú. Orin tí wọ́n gbà láti orí kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wá fún pọ̀ kó lè rọrùn láti fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ti pàdánù púpọ̀ kó tó dé inú ọkọ̀. Kò sí sípíkà tó lè dá ohun tí kò sí nínú orin padà.

Ilẹ̀kùn ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ

Bí ẹ bá ti rí i pé àtúnṣe pọn dandan, ilẹ̀kùn iwájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tó ń lẹ̀, tó ní bébà fàdákà lẹ́yìn, wà lọ́jà fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pánù kó má baà gbọ̀n, wọ́n sì ń fi í dí àwọn ihò ńlá tó wà lẹ́yìn sípíkà. Ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ má ṣe dí àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn: ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde, bí ó bá dí, ilẹ̀kùn yóò dípẹtà. Kí ó sì rí i pé gíláàsì ṣì ń lọ sókè sódò láìkan ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí ni sípíkà tuntun kàn. Ẹ wọn ihò rẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, fírémù oníke tí ilé-iṣẹ́ fi sí i kò bá sípíkà ọjà mu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi òrùka ike tàbí ti pákó gbé tuntun náà dúró. Kí òrùka yìí lẹ̀ mọ́ pánù pinpin, nítorí àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni a ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló yẹ kí ẹ kà lára páálí. Àkọ́kọ́ ni ohm: ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ ni wọ́n ṣe fún sípíkà 4 ohm, bí ẹ bá so 2 ohm mọ́ rédíò tí wọn kò ṣe fún un, yóò gbóná, ó sì lè jó. Èkejì ni wáàtì. Ẹ má ka èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ RMS sí. Rédíò tí wọ́n kọ wáàtì 50 sí lọ́nà mẹ́rin, wáàtì bíi 15 sí 20 ló sábà máa ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní tòótọ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í wò, ìyẹn iye desíbẹ́lì tí sípíkà ń mú jáde láti inú wáàtì kan. Desíbẹ́lì 3 tó bá lé sí i dọ́gba pẹ̀lú kí a sọ agbára iná di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, sípíkà tó ní 91 yóò ké lórí wáàtì 20 bí èyí tó ní 88 yóò ṣe ké lórí wáàtì 40. Ẹni tí kò fẹ́ ra ańpilifáyà, nọ́ńbà yìí ni kó tẹ̀ lé.

Ańpilifáyà àti wúfà

Ańpilifáyà kékeré fún sípíkà iwájú ń ran ohùn lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé rédíò kò ní máa pariwo kọjá agbára rẹ̀ mọ́. Ní ti wúfà, ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn tó wà nísàlẹ̀ bíi 80 Hz ni wúfà ń gbé, ìyẹn béèsì gìtá àti ìlù ńlá inú orin òde òní. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wà lókè ibẹ̀, ọwọ́ sípíkà ilẹ̀kùn ló wà. Ìdí nìyí tí ẹni tó gbé wúfà sí búùtù láìtún ilẹ̀kùn ṣe fi máa ń rí i pé ọkọ̀ ń mì, síbẹ̀ kò gbọ́ ohun tí Adéwọlé ń wí.

Fíùsì kékeré, ẹ̀mí ńlá

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ ò bá rántí ohun mìíràn nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹ rántí èyí. Wáyà ańpilifáyà máa ń ti ara bátìrì lọ dé búùtù, ó sì ń gba inú irin kọjá. Bí irin bá gé ara rẹ̀, tí wáyà náà sì fara kan ara ọkọ̀, gbogbo agbára bátìrì ni yóò sáré gba ibẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wáyà á pọ́n, á sì mú kápẹ́ẹ̀tì jó. Fíùsì nìkan ló lè dá a dúró. Ìtòsí bátìrì ló gbọ́dọ̀ wà, kó má jìnnà sí i ju nǹkan bíi 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, torí apá wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì kò ní ààbò kankan. Wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ tóbi ju ohun tí wáyà lè gbé. Ẹni tó bá fi bébà fàdákà tàbí wáyà lásán rọ́pò fíùsì tó jó, ilé ara rẹ̀ ló ń fi iná sí.

Ẹ bi oníṣẹ́ ní ìbéèrè wọ̀nyí kó tó tú ohunkóhun. Ibo ni fíùsì yóò wà? Ṣé bàbà gidi ni wáyà yìí, àbí alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò? Nínípọn kan náà, alumíníọ́mù kò lè gbé iná tó bàbà. Ṣé rọ́bà yóò wà níbi tí wáyà ti gba irin kọjá? Níbo ni yóò so wáyà ilẹ̀ mọ́, ṣé yóò sì ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kí irin lè kan irin? Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yóò dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè, ẹ dágbére fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ ro agbára ọkọ̀ pẹ̀lú. Ańpilifáyà òde òní tó ń mú wáàtì 500 jáde ní tòótọ́ lè fa nǹkan bí ámpìà 45 bó bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Alternator kan náà ló ń bọ́ iná iwájú, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ́ńjìnnì. Bí iná iwájú bá ń ṣẹ́jú bí béèsì ṣe ń lù, ọkọ̀ ń sọ fún yín pé ẹrù ti pọ̀ jù.

Etí kò ní àpò ẹ̀rọ

Lójú NIOSH, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè wà nínú ariwo desíbẹ́lì 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bó bá ti fi desíbẹ́lì 3 lé, àkókò náà á dín sí ìdajì: 88 di wákàtí 4, 91 di wákàtí 2. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ìrìn Abẹ́òkúta sí Èkó ju ìyẹn lọ fíìfíì, àní kí a má tíì dé Ifọ̀. Ọmọ tó sùn sẹ́yìn ọkọ̀ kò lè ní kí ẹ dín in kù. Awakọ̀ tí kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn rẹ̀ náà sì wà nínú ewu. A lè pààrọ̀ sípíkà tó bá ya, ṣùgbọ́n etí tó bá ti kú kò ní sípíà.

Èrè àtúnṣe tó dára gan-an nìyí: kì í jẹ́ kí ẹ nílò ariwo. Ẹ wọ inú ọkọ̀, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ fi àpàlà sí i, ẹ jẹ́ kí ohùn mọ ní ìwọ̀n tí ẹ lè fi bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá wà níbẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu gbe ohun tí ìlù ń sọ, iṣẹ́ ti parí. Ẹ lè fi owó wúfà sí àpò.