Gẹ̀ẹ́sì kékeré tó ń kó báni nídìí ẹ̀yáwó

Tó bá di ká ṣírò owó, Ìjẹ̀bú kì í gbẹ́yìn. Ìyálọ́jà tó wà l'Ókè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, á ti mọ èrè orí ọjà kẹ́ ẹ tó mú fóònù jáde. Ṣùgbọ́n táwọn gbọ́múléláńtà bá gbé ìwé ẹ̀yáwó Gẹ̀ẹ́sì dé, ohun tí ọ̀pọ̀ ń béèrè ò ju "Ibo ni kí n fọwọ́ sí?" lọ. Ẹni tó ti yunifásítì jáde náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá ló ń kó bá wa. Èyí tá a rò pé a mọ̀ ni. "Interest" tí wọ́n kọ́ wa níléèwé ni ìfẹ́ sí nǹkan. Ní báńkì, èlé ni. "Several" tá a mọ̀ ni "ọ̀pọ̀". Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ní "jointly and severally", ohun tó ń sọ ni pé ẹ jọ jẹ gbèsè náà, wọ́n sì lè mú ẹnì kan ṣoṣo nínú yín kó san gbogbo ẹ̀. Ká ní ẹ̀yin márùn-ún lẹ jọ fọwọ́ sí i, tí mẹ́rin sá lọ, ẹni tó kù ni wọ́n máa wá bá. Kì í ṣe ìpín tiẹ̀ nìkan o, gbogbo owó ni.

"Witness" ń jẹ́rìí pé ìwé ṣojú òun. "Guarantor" ní tiẹ̀, onídùúró ni: bí ẹni tó yáwó ò bá san, òun ló máa san.

Ẹ tún wo "per month" àti "per annum". Ká ní ₦100,000 lẹ yá fún ọdún kan, tí èlé jẹ́ 5%, tí wọ́n ń ṣírò ẹ̀ lórí owó tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà. "Per annum" á jẹ́ ₦5,000. "Per month" á di ₦60,000. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá ₦55,000 sílẹ̀ yẹn.

Òfin ò gbàgbé ẹni tí ò kàwé. Láti ayé òyìnbó ni òfin ti wà pé ẹni tó bá bá a kọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó ṣàlàyé ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara ẹ̀ síbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì, tó kàn fọwọ́ sí i láì yé e, á ṣòro fún un láti sọ ní kóòtù pé òun ò mọ̀.

Torí náà, ẹ má wulẹ̀ há dísọ́nárì sórí. Inú ìwé tó ń kan yín lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ ti máa ṣa ọ̀rọ̀: rìsíìtì, àdéhùn ilé, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e, torí ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà ló ń sọ ìtumọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá yín, kò tíì yé yín nìyẹn. Ẹ gbé ìwé náà relé, kẹ́ ẹ béèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.