Omi Lílọ́ Wọ́ọ́rọ́ fún Làkúrègbé

Àsìkò òtútù ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí máa ń ké orúnkún, ìbàdí àti ọrùn ọwọ́. Omi inú ilé lè bá wọn dín ìrora náà kù. Kò lè wo làkúrègbé sàn o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ. Ohun tó ń ṣe ni pé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń jẹ́ kí iṣan tó ti gan dẹ̀. Bí èèyàn bá sì wà nínú omi tó mu ún dé ìdodo, nǹkan bí ìdajì ìwúwo ara rẹ̀ péré ni ẹsẹ̀ ń gbé.

Àárọ̀ ló dára jù. Ẹ jókòó sínú omi náà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ máa na ẹsẹ̀, kí ẹ máa ká a, jẹ́jẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé ìka ló ń dùn ún, abọ́ lásán ti tó: kó ki ọwọ́ bọ omi, kó máa di ìkúùkù, kó máa tú u.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá nìyí. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí omi bá ṣe gbóná tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Nílé, a máa ń ti aṣọ bọ omi tó ń hó, a ó fi jó orúnkún Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹsẹ̀ àgbà tó ní àtọ̀gbẹ lè má mọ nǹkan lára mọ́. Omi á bó o, kò sì ní mọ̀. Egbò bẹ́ẹ̀ kì í jinná bọ̀rọ̀, ó sì ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ àwọn kan. Omi inú táńkì níbí lè tó 60°C, torí kí kòkòrò àìsàn má baà gbé inú rẹ̀. Nítorí náà, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí sínú ọpọ́n ìwẹ̀, kí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sì fi ìgúnpá tọ́ ọ wò kí Màmá tó wọlé.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi Robb ránṣẹ́ sí láti Èkó, ẹ má fi í para tán kí ẹ tún gbé rọ́bà omi gbígbóná lé e. Á jó yín ni.

Oríkèé tó wú, tó ń gbóná, nǹkan tútù ló fẹ́: yìnyín tí a fi aṣọ wé, kó má ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Àmọ́ kí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS má dán an wò, òtútù lè jí ìrora wọn.

Bí oríkèé kan bá ṣàdédé wú, tí ibà sì tẹ̀ lé e, kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi mọ́. Ẹ pe 111 lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró dìgbà tó bá pọ́n, torí pípọ́n kì í hàn dáadáa lára èèyàn dúdú. Bí ara bá sì ń gan ju ààbọ̀ wákàtí lọ láràárọ̀, ẹ lọ rí dókítà yín.

Ọpọ́n ìwẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni àgbà ti ń ṣubú. Ẹ pe káńsù yín pé kí wọ́n wá wo ilé. Ní England, bí wọ́n bá rí i pé ẹ nílò irin ìdìmú tàbí àga ìwẹ̀, ẹ kì í sanwó fún irú iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ tí kò bá ju £1,000 lọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń ṣòro fún Bàbá tàbí Màmá, ẹ ní kí dókítà bá yín wá ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni.